Àwọn Ìlà Iwájú Nínú Àkùrọ̀ Màmá

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Ògún. Ó dá mi lójú nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fóònù mi bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé, kò sì tíì dé. Mo dúró létí àkùrọ̀ kan lẹ́yìn Ìbòkun, bàtà rọ́bà mi ti rì sínú ẹrẹ̀, òórùn omi náà sì ń bọ̀ wá bá mi níbi tí mo wà: òórùn ẹrẹ̀ tútù, ewé jíjẹrà, àti nǹkan kan tó jọ omidùn ògì tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ìkòkò. Àwọn mìíràn á di imú. Èmi a máa mí i sínú dáadáa. Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí pé ẹni tó máa ń ṣàlàyé ni mí. Lẹ́yìn tí mo parí yunifásítì tí mo sì ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo jókòó sílé ní Òṣogbo fún ohun tó lé ní ọdún kan. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, á jáde lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀, èmi á sì máa ti ilẹ̀kùn tẹ̀lé e bí ẹni tó ń sin àlejò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan tó ń ta irúgbìn wá gbà mí fún ìdánwò oṣù mẹ́fà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òórùn ẹrẹ̀ di òórùn iṣẹ́ fún mi. Mo ń gbọ́ ọ, inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọn yóò gbà á lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Ilé iṣẹ́ yìí ń fún àwọn àgbẹ̀ alákùrọ̀ ní ìrẹsì tó dára láti gbìn. Èmi ni mo ń bá wọn dúró tì í láti ìgbà tó bá hù nínú nọ́sìrì, ilẹ̀ kékeré tí a kọ́kọ́ ń fọ́n ọn sí, títí dé ìgbà tí a bá ṣí i lọ sínú omi. Tó bá yá, obìnrin kan tó jẹ́ olùyẹ̀wò á wá láti Òṣogbo. Bí ó bá fọwọ́ sí oko náà, a ó sá ìrẹsì ibẹ̀, a ó dì í sí àpò, àwọn àgbẹ̀ mìíràn á sì rà á láti gbìn. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ìrẹsì jíjẹ lásán ni, ìkòkò ló ń lọ.

Ti Màmá tó ni àkùrọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkòkò rárá. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ ló fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, ó sì ti ń gbin ẹ̀fọ́ àti kókò sí i láti ìgbà náà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ wá dìde pé òun fẹ́ gbẹ́ adágún ẹja síbẹ̀, pé kí ni obìnrin kan ṣoṣo ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹbí jókòó lé e lórí. Wọ́n ní kí Màmá fi ọdún yìí gbìyànjú ìrẹsì tó ń sọ: bí wọ́n bá gbà á gẹ́gẹ́ bí irúgbìn, kí ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọn kò bá gbà á, kí àwọn tó ń gbẹ́ kòtò wọlé lẹ́yìn ìkórè. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a pàdé, gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹja ló ń dúró dè mí.” Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ jinlẹ̀, mo kàn ń kọ ọ́ níbí bí àwa ará Òṣogbo ṣe máa ń sọ ọ́ ni.

Bí àwọn ọmọ ìrẹsì inú nọ́sìrì ṣe tó ṣí lọ gbìn gan-an ni ọmọ Màmá obìnrin bímọ ní Iléṣà. Màmá gbọ́dọ̀ lọ wẹ ọmọ. Ó pè mí, ó fi ọwọ́ mi lé ọ̀pá tí a fi ń wọn omi, ó ní, “Ọwọ́ rẹ ló wà o.” Ó lé ní oṣù kan kó tó padà. Ní gbogbo àkókò yẹn, àràárọ̀ ni mò ń gun ọ̀kadà wá láti ilé tí mo gbà ní Ìbòkun, mo sì ń wo oko náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun tirẹ̀. Ibi tó wù mí jù ni ìlà mẹ́sàn-án iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wọ́n ga ju ìyókù lọ, wọ́n dúdú, wọ́n nípọn. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko máa ń dúró wò wọ́n, inú mi á sì dùn títí di ọ̀sán.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni Màmá padà. Mo rí i bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà, ó rọra ń gbé ẹsẹ̀, òórùn òrí tí wọ́n fi ń pa ọmọ lára sì wà lára aṣọ rẹ̀ síbẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré.

“Màmá, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ọwọ́ lómi! Ìyá ọmọ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n wà. Ọmọ ń ké bí ọlọ́pàá.” Ó dúró létí omi. “Wọ́n mà ga o.”

“Wọ́n ga, Màmá! Ẹ wò wọ́n!”

Ó wò wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú igi ọ̀kan nínú wọn láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì, ó rọra fà á láti òkè wá sísàlẹ̀, ó sì dijú bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lókèèrè. Ó mú òmíràn. Ó mú ẹ̀kẹta. Ojú rẹ̀ kò yí padà, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

“Ọmọ Òṣogbo, wá. Kí ni èyí?”

“Ìrẹsì ni, Màmá.”

“Ìrẹsì.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú. “Ìrẹsì tí kò ní ahọ́n.”

Ó wọ inú omi lọ díẹ̀, ó já ẹyọ kan láti àárín oko, ó já òmíràn láti iwájú, ó sì fi méjèèjì lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n dijú. Ó ní kí n fi àtàǹpàkò wá ọrùn wọn, ibi tí ewé ti ya kúrò lára igi, kí n má fi ojú ṣe é rárá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ kọ́ mi lọ́wọ́. Nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀, ó dúró, ó fẹ́lẹ́, bí etí ìwé tó ṣẹ́. Ìkejì kò kọ́ mi. Àtàǹpàkò mi yọ̀ kọjá, ó lọ, ó padà, kò bá nǹkan kan pàdé. Ó dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí nígbà yẹn, bí kò tilẹ̀ bójú mu: inú mi dùn! Ó yẹ kí n bẹ̀rù, ẹ̀rù sì dé lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé, ó sì dé pẹ̀lú ariwo. Mo mọ nǹkan yìí! Ní ọdún tí mo jáde yunifásítì, wọ́n bi wá ní ìdánwò pé báwo ni ènìyàn ṣe lè dá koríko kan tó jọ ìrẹsì mọ̀ láàárín ìrẹsì gidi. Mo ya àwòrán méjèèjì pẹ̀lú bírò, mo kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kan pé ó ní ahọ́n àti etí, mo kọ ọ́ sábẹ́ èkejì pé kò ní ahọ́n, kò ní etí. Mo gba máàkì tó pé. Orúkọ Látìn koríko náà, Echinochloa, n kò ṣì í kọ rí. Ṣùgbọ́n n kò fi ọwọ́ kàn án rí láyé mi. Láti ọjọ́ ìdánwò yẹn, àárín bírò àti ìwé ló ń gbé lọ́dọ̀ mi, àfi ìgbà tó wá ń gbé lábẹ́ àtàǹpàkò mi ní Ìbòkun, tó tutù, tó sì wà láàyè.

Mo yọ fóònù mi. Mo fi ìka kán ẹ̀kán omi kan sójú kámẹ́rà rẹ̀, nítorí pé ẹ̀kán omi máa ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, mo sì gbé e sún mọ́ ọrùn ìrẹsì. Ó hàn! Awọ funfun kan, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó là sí méjì ní ṣóńṣó, ó dúró láàárín ewé àti igi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni etí kékeré méjì tó tẹ̀ di igi mú, irun wà lára wọn bí ìpéǹpéjú ọmọ tuntun. Mo gbé e lọ sí èkejì. Òfìfo ni. Mo kígbe.

Màmá fò sẹ́yìn. “Ṣé ejò ni?”

“Rárá, Màmá! Ó wà níbẹ̀! Ahọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀ gan-an!”

Ó ní, “Mo ti ń sọ fún ọ láti àárọ̀.”

Lẹ́yìn èyí, mo wá ń rí ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n nu gíláàsì fún ènìyàn. Ìdí koríko náà pọ́n díẹ̀, ó sì pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n ti ìrẹsì funfun ó sì yípo. Ìlà funfun kan gba àárín ewé koríko kọjá tó hàn kedere. Ewé rẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ewé ìrẹsì máa ń ha ọwọ́ bí ènìyàn bá fà á. Àwọn kan ń pè é ní koríko ìrẹsì. Màmá kì í pè é ní nǹkan mìíràn ju ayédèrú lọ. Ó ní ọdún kan ṣoṣo ló máa ń gbé láyé kó tó kú, ṣùgbọ́n kì í kú lọ́wọ́ òfo. Á ti yọ orí kí ìrẹsì tó yọ tirẹ̀, èso wẹ́wẹ́ rẹ̀ á ti gbọ̀n dànù sínú omi kí ẹnikẹ́ni tó mú dòjé. Bí a bá sì kórè ìrẹsì irú oko bẹ́ẹ̀ fún irúgbìn, ayédèrú á bá a wọ inú àpò, á sì dé oko ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí olùyẹ̀wò kì í fi ṣeré pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló sì ń bọ̀. Ọjọ́ méjì péré ló kù.

Mo gbé ojú sókè wo ìlà iwájú. Mo fà á lọ́rùn níbí, mo fà á lọ́rùn lọ́hùn-ún. Ó ń yọ̀. Ó ń yọ̀. Ìlà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí mo fẹ́ràn jù, tí gbogbo ayé ń dúró wò, ayédèrú ló kún inú wọn fọ́fọ́, wọ́n sì tò gẹ́rẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé ìwé. Màmá náà ti rí i. Kò sí koríko tó máa ń to ara rẹ̀ báyẹn.

“Ta ló tò wọ́n báyìí?”

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún yín. Lọ́jọ́ tí a ṣí ìrẹsì náà lọ gbìn, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ Màmá ló wá ṣe é. Èmi ni mo jókòó sídìí nọ́sìrì tí mo ń ṣà wọ́n lé wọn lọ́wọ́. Mo rí i pé àwọn kan ga ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì dúdú, mo sì sọ ọ́ sókè, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà, pé, “Ẹ kó àwọn tó lágbára wọ̀nyí síwájú, kí Màmá rí wọn bí wọ́n bá dé.” Ìyá ẹgbẹ́, obìnrin pẹ̀lẹ́ kan tí kò ga, mú ọ̀kan, ó fi ọwọ́ pa á, ó ní, “Àǹtí, èyí ń yọ̀ lọ́wọ́ o.” Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní, “Màmá, èyí tó bá dán ló ní okun.” N kò mọ ibi tí mo ti rí gbólóhùn yẹn. Kò sí nínú ìwé kankan. Ó dákẹ́, ó sì gbìn ín síbi tí mo ní kó gbìn ín sí.

Nítorí náà, nígbà tí Màmá bi mí pé ta ló tò wọ́n, èsì wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo rí ìdánwò oṣù mẹ́fà tí wọ́n fún mi, mo rí ilẹ̀kùn ilé wa ní Òṣogbo tí màá tún máa tì lẹ́yìn bàbá mi, mo sì sọ pé, “Àwọn obìnrin tó gbìn ín ni, Màmá.”

Òótọ́ ni, àwọn ló gbìn ín. Mo tún un sọ nínú ọkàn mi lọ́pọ̀ ìgbà lọ́jọ́ yẹn pé òótọ́ ni.

Màmá kò ba ara rẹ̀ nínú jẹ́. Ó lọ bá ìyá ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ó bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀wẹ̀, ó sì di àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì kí n tó mọ̀. Wọ́n dé, bíi méjìdínlógún, wọ́n ti ká ìró sókè, wọ́n gbé àpò òfìfo lọ́wọ́, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà láti òkè ọ̀nà. Màmá dúró létí omi, ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn.

“Ẹ̀yin tí ẹ fi koríko ṣe ìrẹsì fún mi, ẹ káàbọ̀ o!”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí Màmá fi ṣe ọbẹ̀. Òmíràn ní ojú òun kò ríran mọ́ láti ìgbà tí ọkọ òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunwọ̀n. Ìyá ẹgbẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kò bínú. Ó kàn wò mí, ó sì dákẹ́ bó ṣe dákẹ́ nídìí nọ́sìrì, ó ń dúró de ohun tí màá sọ. Ì bá ṣe pé ó sọ̀rọ̀, bóyá màá bá a jiyàn. Ìdákẹ́ rẹ̀ ni n kò rí bá jiyàn.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àwọn. Èmi ni.” Ohùn mi kéré, mo tún un sọ. “Èmi ni mo ṣà á. Èmi ni mo ní kí wọ́n kó o síwájú. Ìyá ẹgbẹ́ yìí sọ fún mi pé ó ń yọ̀, mo ní ìyẹn ló lágbára.”

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n pariwo.

“Ha! Yunifásítì!”

“Àǹtí, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ẹ kà tàbí sinimá?”

“Ẹ má bínú sí i jàre, koríko náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i.”

Màmá kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Lánàá ńkọ́?”

“Mo purọ́ lánàá, Màmá. Ẹ̀rù ló bà mí.”

Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi di ìdí, ó sì sọ fún mi pé, “Ó dáa. Iwájú ni ìwọ yóò wà.” Ibi tí ẹrẹ̀ jìn jù ni iwájú. Mo wọ inú rẹ̀ dé orúnkún, ojú ń tì mí, ara mi sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè fò. N kò mọ̀ bóyá ó ti ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín rí pé kí ìtìjú àti ìdùnnú jọ wà nínú ara kan náà. Bó ṣe rí fún mi nìyẹn.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo ní kí olúkúlùkù dijú kó fi àtàǹpàkò wá ọrùn ìrẹsì àti ti ayédèrú. Àwọn kan mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ju èmi lọ, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí n kọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni a to ara wa, ẹnìkan sí ìlà kan, a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Láìpẹ́, ọ̀kan nínú wọn, èyí tó sọ̀rọ̀ sinimá, sọ ọ́ di eré. Bí ó bá kan ìrẹsì, á ké pé, “Ó ní!” Àwọn yòókù á dáhùn pé, “Jẹ́ ó jókòó!” Bí ó bá kan ayédèrú, á ké pé, “Kò ní!” Gbogbo wa á sì dáhùn pé, “Jáde!” Ìgbà tó di aago mẹ́wàá, gbogbo àkùrọ̀ ló ń dún. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà rò pé ìsọjí là ń ṣe. A ń fà á tu tìdítìdí, a ń gbọn ẹrẹ̀ rẹ̀ dànù, a sì ń kó o sínú àpò jáde pátápátá, nítorí pé Màmá ní bí ìdí rẹ̀ bá kan ẹrẹ̀ lásán, á tún dìde. Ní ọ̀sán, a jẹ iṣu sísun pẹ̀lú epo lórí ebè, ọwọ́ wa sì ń rùn bí ewé tútù.

Nígbà tí a parí, ìlà iwájú ti ṣófo. Omi lásán ló wà níbẹ̀, àti ìrẹsì díẹ̀ tó dúró káàkiri bí eyín ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ní kí a ya lára àwọn ìdí tó pọ̀ láàárín oko, kí a fi dí ojú ihò náà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìyá ẹgbẹ́ mi orí. “Èyí tí a bá gbìn nísinsìnyí, á ti pọ́n, á sì ti sùn kí obìnrin yẹn tó dé. Ṣé o fẹ́ kó rò pé a ń fi nǹkan pamọ́ ni?”

Màmá ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, olùyẹ̀wò dé. Ó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, bàtà rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó ju tèmi lọ, èyí tó mú kí n bọ̀wọ̀ fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn obìnrin náà wá, bí a kò tilẹ̀ pè wọ́n, wọ́n jókòó sẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni wá wo bọ́ọ̀lù. Olùyẹ̀wò wo àkùrọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan.

“Kí ló ṣẹlẹ̀ sí iwájú?”

Màmá wò mí. Mo sọ ọ́, láti ìdí nọ́sìrì títí dé àná, mo sì sọ ọ́ pọ̀ jù bí mo ṣe máa ń ṣe, títí obìnrin náà fi gbé ọwọ́ sókè pé ó tó. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó wọ inú omi. Ó lé ní wákàtí kan tó fi rìn ín, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde, àyà mi sì ń tẹ̀ lé ẹ̀yìn rẹ̀. Láàárín gbùngbùn oko, ó dúró. Ó fa nǹkan kan tu, ó sì gbé e bọ̀ létí omi.

“Ta ló lè sọ fún mi ohun tí èyí jẹ́?”

Mo gbà á, mo fi àtàǹpàkò wá ọrùn rẹ̀. Ó yọ̀. N kò fẹ́ kó yọ̀. Mo tún un ṣe, ó tún yọ̀. Mo wo Màmá, mo ronú nípa ẹja, mo sì sọ pé, “Kò ní, mà.”

Láti ẹ̀bá ọ̀nà, láìrò ó tẹ́lẹ̀, obìnrin méjìdínlógún dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, “JÁDE!”

Olùyẹ̀wò yíjú sí wọn. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ. Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti bọ́ gíláàsì rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tún le. Ó ní òun yóò yọ ìlà iwájú kúrò, wọn kò gbọ́dọ̀ kó o mọ́ irúgbìn. Ní ti ìyókù, òun yóò padà wá nígbà tí ìrẹsì bá yọ orí. “Bí mo bá rí ẹyọ kan ṣoṣo tó ti yọ orí ṣáájú rẹ̀,” ó ní, “màá kọ oko yìí. N kò ní bínú, ṣùgbọ́n màá kọ̀ ọ́.”

Láti ọjọ́ yẹn títí di ìgbà tó padà, kò sí àárọ̀ kan tí èmi àti Màmá kò rin oko náà. Òun á gba apá òsì, èmi á gba apá ọ̀tún, a ó pàdé láàárín, a ó pààrọ̀ ìhà. N kò fi ojú ṣe é mọ́. Ìka mi ti ń mọ̀ ọ́n kí n tó rò ó. A rí ẹyọ kan lọ́jọ́ kan, méjì lọ́jọ́ mìíràn, tó bá sì yá, a ó lo ọ̀sẹ̀ kan láìrí nǹkan kan. Màmá kò mẹ́nu kan irọ́ mi mọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló sún mọ́ ọn, nígbà tó ní, “O mọ̀ pé bí o kò bá sọ ọ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́, n kì bá tún pè wọ́n mọ́,” tó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Olùyẹ̀wò padà wá nínú oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí gbogbo orí ìrẹsì ti yọ, tí òórùn òdòdó rẹ̀ tó rọra ń ta sánsán gba afẹ́fẹ́ kan. Ó rìn ín látòkè délẹ̀. Ó rìn ín padà. Kò rí ẹyọ kan. Ó fọwọ́ sí ìwé lórí itan rẹ̀, ó sì fi í lé Màmá lọ́wọ́.

Màmá bi mí pé, “Ṣé ó ti tán?”

“Ó ti tán, Màmá. Wọ́n gbà á.”

Ó jókòó sórí ebè pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́ fi lọ sí ìpàdé ìjọ, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì sínú omi, ó sì wà níbẹ̀ pẹ́. Nígbà tó dìde, ó ní kí ìyá ẹgbẹ́ bá òun sọ fún àbúrò ọkọ òun pé kó wá ibòmíràn fún ẹja rẹ̀.

Ìrántí yìí kì í fi mí sílẹ̀. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ìwé ni ìmọ̀, pé oko wulẹ̀ jẹ́ ibi tí a ti ń lò ó. Ní báyìí, mo mọ̀ pé mo gbé nǹkan kan lórí fún bí ọdún mẹ́ta láìmọ̀ bó ṣe rí lọ́wọ́, àti pé ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ sọ fún mi, mo sì fi gírámà pa á lẹ́nu mọ́. Èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn, ó ju koríko lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá ni awọ funfun kékeré yẹn nínú ẹ̀kán omi, inú mi a sì tún dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ báyìí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ni pé kí n kọ ìwé olójú ewé kan fún àwọn àgbẹ̀ tuntun, láti Ìbòkun dé ọ̀nà Ìkéjì-Arákeji, lórí bí wọn yóò ṣe máa dá ayédèrú mọ̀ nínú nọ́sìrì kí wọ́n tó ṣí i lọ gbìn. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ahọ́n wà níbẹ̀, etí wà níbẹ̀, ìdí tó pọ́n wà níbẹ̀. Ohun tí n kò lè parí ni ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé èmi tí mo kọ ìwé yìí ti fi ọwọ́ ara mi ṣa koríko síwájú rí, tí mo sì dá obìnrin tó kìlọ̀ fún mi lẹ́nu dúró. Ọ̀gá mi ní bí àgbẹ̀ bá ka ìyẹn, kò ní ka ìyókù. Ìyá ẹgbẹ́ ní kí n kọ ọ́, kí n má ṣáà dárúkọ ìjọ àwọn. Màmá ní ìyẹn kan èmi àti bírò mi. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe àṣìṣe lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn rí, tí ẹ sì tún ní láti padà wá kọ́ wọn níṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi í síbẹ̀ ni, àbí kí n yọ ọ́?